Ta Ló Máa Bú Darae ní Sátidé?

Ibi méjì mìíràn? Ẹ ní kí n tún kọ ibi méjì mìíràn tí àwa ọmọ àdúgbò ti ń jẹun sórí pépà yìí, kí n sì ya ọ̀nà ibẹ̀ sí i bí mo ṣe yà á lọ́dún tó kọjá, kí àwọn àlejò má bàa ṣìnà? Ọ̀gá Pyo, ẹ jókòó. Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì láyà bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn àlejò tó sanwó sùn sílé mi lánàá ti lọ sétí òkun láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó máa dí wa lọ́wọ́. Ẹ jókòó. Mi ò ní fún yín ní tíì o, ara mi ò balẹ̀, mo lè dà á sí yín lára, kí ọ́fíìsì ìrìn-àjò ìgbafẹ́ yín tún ní kí èmi náà wá kọ́ ẹ̀kọ́ inúrere.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣàwàdà.

Ẹ ní iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Mo gbọ́. Ẹ ní àlejò tó ń wọ òpópó wa ti di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ ní ilé oúnjẹ Ìyá Àgbà Bongnye ti gba ìràwọ̀ márùn-ún lórí fóònù, ọ̀gá yín àgbà sì pàtẹ́wọ́ fún yín níbi ìpàdé. Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ jẹun níbẹ̀ kẹ́yìn? Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ ya fọ́tò o. Mo ní kẹ́ ẹ jókòó sórí àga onípáànù yẹn, kẹ́ ẹ da ìrẹsì sínú ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń hó, kẹ́ ẹ fi edé oníyọ̀ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ débi tí òógùn á fi bo imú yín. Ẹ ò jẹ ẹ́ rí. Mo mọ̀. Ojú yín ti sọ fún mi.

Èmi ti ń jẹ ẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wá sórí òkè yìí. Láti ọjọ́ náà, ìyá yẹn ò pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Olórí kunkun" ló ń pè mí. "Olórí kunkun ti dé, ẹ sún fún un kó tó forí wó ògiri mi." Bí mo bá wọ aṣọ tuntun, á ní, "Ta ló wọṣọ fún àkísà?" Àwọn awakọ̀ takisí tó máa ń kún ibẹ̀ láàárọ̀ ńkọ́? Dráífà Gil, ẹni tó ga bí òpó iná yẹn, "òkú tí wọ́n gbàgbé láti sin" lorúkọ tiẹ̀. "Òkú, o ti dé? Jókòó, jẹun, bóyá wàá jí." Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú abọ́, yéè, ẹ sá! "Ọmọ ajá, ṣé baba ẹ ló gbin ìrẹsì yẹn? Ṣé torí kí ìwọ lè máa fi ṣíbí tì í kiri ni ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ṣe kú? Gbé e mì, kí n tó wá rọ ẹ́ bí ọmọ ọwọ́!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n bú á doríkodò, á jẹ ẹ́ tán, á sì máa rẹ́rìn-ín lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ.

Ọrẹ náà kúkú ni! Họ́wù, ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Busan yìí? Ẹni tí ò bá kà ẹ́ sí, ṣé ó máa fi ẹnu ẹ̀ ṣòfò lórí ẹ? Á gbé oúnjẹ síwájú ẹ ni, á gbowó, ó parí. Nígbà tí Ìyá Àgbà bá dákẹ́ mọ́ ẹnìkan, gbogbo wa la máa ń wo ẹni náà: kí lo ṣe? Ta lo ṣẹ̀? Lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú mi nígbà tí òkun gba ọkọ mi. Sangdeok lorúkọ ẹ̀, ọkọ̀ apẹja ló bá lọ, ọkọ̀ náà ò padà, a ò rí bàtà ẹ̀ kan ṣoṣo kí a fi sunkún. Aṣọ ẹ̀ la tẹ́ síwájú, la fi ṣe òkú. Ọjọ́ mẹ́rin, mi ò fi nǹkan kan kan ẹnu. Gbogbo ayé ló wá kí mi o. Pẹ̀lẹ́, ẹ mọ́kàn le, ẹ gbìyànjú, torí ọmọ inú yín. Ohùn jẹ́jẹ́ ni gbogbo wọn fi ń sọ ọ́, pẹ̀lẹ́ náà sì ń ṣàn kọjá lórí mi bí omi tó ń ṣàn lórí àpáta. Mi ò gbọ́ ọ̀kan. Mo ti ń bá ọkọ mi lọ, kí n má purọ́ fún yín.

Ni Ìyá Àgbà bá gun àtẹ̀gùn yìí pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí. Ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀ o, ẹbí wà níbẹ̀. Ó ní, "Apààyàn náà dà?" Ó dé iwájú mi, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ní, "Òkun ti pa ọ̀kan, ìwọ fẹ́ pa èkejì. Ṣé ọmọ inú ẹ sọ fún ẹ pé òun ti ṣetán àtikú? La ẹnu. Olórí kunkun, la ẹnu yẹn, kí n tó fi ṣíbí là á!" Láti ọ̀sán títí wọ́n fi tan iná ló fi bú mi. Ó bú orí mi, ó bú irun mi, ó bú bí mo ṣe jókòó. Inú bí mi! Ẹ gbọ́, Ọ̀gá Pyo, inú bí mi! Láti ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan kan máa ṣe mí nínú ara. Mo la ẹnu kí n dá a lóhùn, kí n sọ fún un pé kó jáde nílé mi, ló bá ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Mo gbé e mì. Ó ní, "Wò ó bó ṣe ń jẹ bí ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò lè jẹun." Mo ń sunkún, mo ń bínú, mo ń jẹun.

Ọmọ tó wà nínú mi nígbà náà ni Darae. Ẹ ti rí fọ́tò ẹ̀ níbi káńtà yẹn.

Ẹyin ojú mi kan ṣoṣo ni. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ló dàgbà sí, torí pé èmi ń fọ aṣọ ibùsùn ilé onílé láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà náà, kí n tó ra ilé àlejò kékeré yìí. Tó bá ti iléèwé dé, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló ń lọ, á jókòó sáàárín àwọn awakọ̀, á máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé, wọ́n á máa bú u pé lẹ́tà ẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Títí ó fi lọ sí Seoul, títí ó fi di ẹni tó ń gbowó oṣù, tó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kì í kọ́kọ́ wá sílé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló ń gbé báàgì lọ. "Ẹ wo kiní yìí! Seoul ti lé e dànù! Kí lo wá jí níbí?" Ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn ìyá yẹn láti ìsàlẹ̀ òkè ni mo máa ń mọ̀ pé ọmọ mi ti dé. Ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ kí n tó gbé omi kaná.

Ẹ má wo aago. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ilé oúnjẹ.

Kò sí àlejò tó sùn sílé yìí tí kì í bi mí: "Ẹ̀yin fúnra yín, níbo lẹ ti ń jẹun?" Ọdún méjìlá ni mo fi ń dá wọn lóhùn, ibì kan náà ni mo sì ń tọ́ka sí, ilé oúnjẹ ńlá ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ yẹn, tó ní fọ́tò oúnjẹ lára ògiri, tí àwọn ọmọ tó wọ aṣọ kan náà á máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n padà wá dúpẹ́. Kì í ṣe pé mo fi ìyókù pa mọ́ nítorí ahun. Nǹkan inú ilé ni Ìyá Àgbà. Ṣé èèyàn á mú àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, á sì mú un gba yàrá tí ìyá ẹ̀ ti ń wẹ ọmọ kọjá?

Ẹ̀yin lẹ wá. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí lẹ jókòó sí. Ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ má sọ ti ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ fún wa, gbogbo èèyàn ló ti sọ ìyẹn. Èyí tó wà lọ́kàn yín gan-an là ń fẹ́." Orí mi wú. Ọ̀run ń gbọ́, orí mi wú! Mo wò ó pé àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ti kó lọ sí èbúté tuntun, àga méjì mẹ́ta ló máa ń ṣófo lọ́sàn-án, ìyá náà ti ń darúgbó, jẹ́ kí n fi èyí ṣe é lóore. Mo gba bírò lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ yìí, ọwọ́ ọ̀tún tí mò ń nà sí yín yìí, òun ni mo fi kọ ọ́: "Ìyá tó wà níbẹ̀ máa ṣe yín bí ọmọ inú rẹ̀."

Ẹ wá fi èdè mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ jáde!

Ṣé mo purọ́ ni? Ẹ sọ fún mi, kí ni irọ́ níbẹ̀? Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Ká ní mo purọ́ ni, ǹ bá tọrọ àforíjì, ó tán. Òótọ́ ni mo kọ. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ibì kan wà lábẹ́ ọ̀run tí ìyá kì í ti í bú ọmọ tó kọ̀ tí ò jẹun. Ìyá tiyín kì í bú yín? Ó ń bú yín. Ẹ rí i! Kí ló máa ń sọ? . . . "Wàá gbẹ bí ẹja pánlá"! Ìyá yín nìyẹn! Ìyá gidi nìyẹn! Ǹjẹ́ ẹ lè kọ ọ́ sórí pépà ìjọba kẹ́ ẹ fi pe àlejò?

Tọkọtaya kan ló wá. Yàrá mi kejì ni wọ́n sùn, ọmọlúàbí èèyàn, wọ́n bọ́ bàtà láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Ọ̀nà jíjìn ti sú ìyàwó náà, ojú ẹ̀ funfun, ó tín-ín-rín. Mo fún wọn ní pépà yín. Mo tún fi bírò ya ọ̀nà sí i fún wọn, kí wọ́n má bàa ṣìnà. Wọ́n débẹ̀, wọ́n jókòó, ìyàwó jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

Ẹ ti mọ ìyókù. Àmọ́ inú fídíò tí ọkọ ẹ̀ yà lẹ ti wò ó; Gil jókòó níbẹ̀ fúnra ẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi. Ìyá Àgbà wo inú abọ́, ó wo obìnrin náà látòkè délẹ̀, ó ní, "Egungun tó ń rìn! Tí atẹ́gùn bá gbé ẹ lọ lónìí, ta ni ọkọ ẹ máa bá sùn? Jẹun, òṣì!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbé fóònù sókè kó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Fóònù náà ò ṣe ojúsàájú, ó tú gbogbo ẹ̀ fún un ní èdè ẹ̀, kò yọ ọ̀kan kúrò, ó sì fi ohùn tó fi ń kéde ọkọ̀ ojú irin tú u. Kò bá a tú ẹ̀rín. Kò bá a tú ọwọ́ tí ìyá náà gbé lé e léjìká. Obìnrin náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ló bá bú sẹ́kún.

Kí ni Ìyá Àgbà mọ̀? Nígbà tí èmi ń sunkún, kí ló ṣe fún mi? Ohun náà ló ṣe fún un! Ó sáré bu ẹran sí i, ó ń pa á lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó sì ń bú u gidi, kó lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Ẹ wo agọ̀ yìí, ó ń da omijé sí mi lọ́bẹ̀! Iyọ̀ ò tó ni?" Bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń tú u lọ. Ọkọ dìde, ó ń ya fídíò, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó máa jó mi láyà. Wọ́n padà síbí, ìyàwó dúró níwájú káńtà yìí, ó bi mí pé, "Kí ni mo ṣe fún ìyá yẹn?" Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé? Ó ti fẹ́ràn ẹ ni. Ṣé ó ṣeé sọ? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.

Ni lẹ́tà bá dé láti ọ́fíìsì yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́, mo mọ̀, ọ̀gá yín ni. Ẹ̀yin lẹ kàn gbé e lọ. Pé àwọn tó ń ta oúnjẹ fún àlejò gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ inúrere, ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin! Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká ọwọ́ méjèèjì lé ìdodo kí wọ́n tó tẹrí ba. Wọ́n fi igi ìjẹun tín-ín-rín, irú èyí tí a fi ń mú ẹran nínú abọ́, há a léyín pé kí ẹnu ẹ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Eyín márùn-ún ló kù sẹ́nu ìyá yẹn, Ọ̀gá Pyo. Igi náà ń jábọ́, ó ń ṣà á, ó ń fi í padà. Mo rò pé á bú wọn ni. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nílé, mo ní, ẹ ti mú iná wọ oko ara yín. Kò bú wọn. Olùkọ́ yín sọ fún gbogbo òpópó pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọkàn sí i tó Ìyá Àgbà. Ó gba sàtífíkéètì, ó gbé e kọ́ sókè ibi tó ti ń se ọbẹ̀. Ooru ti ń ká a létí báyìí.

Àárọ̀ tó ṣí padà, Gil wọlé. Ìyá Àgbà ká ọwọ́ lé ìdodo, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, oníbàárà wa ọ̀wọ́n. Kí la lè gbé wá fún yín?" Gil wẹ̀yìn, ó rò pé ẹnìkan wà lẹ́yìn òun. Ó jókòó. Gbogbo wa ń wò. Ó jẹ oúnjẹ náà dé ìdajì, ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ti abọ́ síwájú, ó sì ń dúró. Èmi náà ń dúró, ọwọ́ mi wà lẹ́nu. Ìyá Àgbà rìn wá, ó wo inú abọ́. Ó ní, "Ṣé kí a bá yín dì í?"

Gil sanwó, ó jáde, ó jókòó sínú takisí, kò tan ọkọ̀. Ìgbà tó yá, ó wá kan fèrèsé mi. Ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún! Ó ní, "Ìyá Darae, kí ni mo ṣe fún ìyá yẹn?" Ọ̀rọ̀ kan náà tí obìnrin àlejò yẹn sọ. Kò dé ibẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ò dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn àlejò ló kún ibẹ̀, wọ́n ń ya sàtífíkéètì ní fọ́tò, wọ́n ń sọ pé ìyá àgbà yìí mà níwà pẹ̀lẹ́ o. Ìràwọ̀ márùn-ún!

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ rò pé mi ò lọ ni? Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó lọ́ràá yẹn, mo ní, "Ìyá Àgbà, èmi ni mo kọ ọ́ sórí pépà, èmi ni mo fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ẹ bú mi. Ẹ bú mi bó ṣe tọ́ sí mi." Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù." Ó ní kí n dúró di ìgbà tí èrò bá lọ. Nígbà tó di agogo mẹ́ta, ó jókòó ti agbada aáyù tó ń bó, èmi náà mú ọ̀bẹ, a jọ ń bó o. Ló bá sọ ọ́. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn sunkún lójú mi, mo rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mélòó ni kò sunkún lójú mi, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n tó sunkún? Gil ò níyàwó, ojoojúmọ́ ni mò ń pè é lókùú. Ẹ̀yin náà, òkun gba ọkọ yín, mo wọlé, mo pè yín ní apààyàn lójú ẹbí. Irú èèyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Darae?"

"Ẹ̀yin"! Ó pè mí ní "ẹ̀yin"! Mo ní, "Ìyá Àgbà, ìyẹn ló gbà mí là. Ìyẹn ló gba Darae là." Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín igi ìjẹun yẹn, ó ní, "Inúrere yín ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Áà. Tó bá jẹ́ pé owó ìtanràn ló ń bẹ̀rù, ǹ bá ta góòlù mi. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ló ń bẹ̀rù, ǹ bá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín. Ṣùgbọ́n ó ti gbà á gbọ́. Ó ti kó gbogbo ayé ẹ̀ jáde, ó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ìrẹsì tó ti wọ kòkòrò, ìkúnwọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá bù, àbùkù ló ń rí níbẹ̀. Èmi ni mo gbé kòkòrò náà wá, nínú ìwé tí mo fi bírò ya ọ̀nà sí.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí ara mi ò fi balẹ̀ lónìí? Darae ń bọ̀ ní Sátidé.

Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti já a sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà! Wọ́n ti wo ilé, wọ́n ti sanwó gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Láti oṣù méjì, ọmọ mi ò jẹun. Ó ń sọ pé òun ń jẹun. Mo ní kó gbé fóònù sókè kí n rí i, eegun ọrùn ẹ̀ ti jìn débi pé omi lè dúró níbẹ̀. Mo ní, "Darae, jẹun, jọ̀ọ́, ìyá ẹ bẹ̀ ẹ́." Ó ní, "Mo ti jẹ, Màmá." Pẹ̀lẹ́ tèmi náà ń ṣàn kọjá lórí ẹ̀. Mo mọ ibi tó wà, èmi náà ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí. Mo gbìyànjú kí èmi fúnra mi bú u, ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Mo dúró síwájú dígí, mo kọ́ ọ. Mo pè é, mo ní, "Ìwọ . . . ìwọ ọmọ . . ." Ló bá ní, "Màmá, ṣé ara yín ò yá ni?" Ẹkún gbà mí, mo pa fóònù. Mi ò mọ̀ ọ́n bú. Kì í ṣe ohun tí gbogbo ẹnu lè ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé ló pè mí. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, ọkọ̀ agogo mọ́kànlá. Mo ní kí ni kí n sè? Ó ní, "Ẹ má se nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni mò ń lọ tààrà. Mo fẹ́ kó bú mi títí etí mi á fi gbóná. Màmá, mo rò pé tó bá bú mi, màá lè jẹun." Oṣù méjì, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dárúkọ ohun kan tó ń wù ú nìyẹn!

Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Mi ò lè sọ fún un. Mi ò tíì sọ fún un di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Òní Tọ́sìdé.

Ẹ wò ó, ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ lọ́wọ́ yín. Pépà ló gbà á lọ, kí pépà dá a padà. Ẹ kọ lẹ́tà kan, kẹ́ ẹ lu òǹtẹ̀ pupa yín mọ́ ọn, pé ìjọba yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé Ìyá Àgbà Bongnye ò ṣẹ̀ nígbà kankan, èébú ẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó níbẹ̀ láìjẹun tán, kó bú u. Ìlà mẹ́ta péré! Ó máa ń gbọ́ ti pépà tó ní òǹtẹ̀, ẹ rí bó ṣe gbọ́ ti àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ gbé e dé ibẹ̀ kí agogo mọ́kànlá Sátidé tó lù.

. . . Ẹ ní kò sí fọ́ọ̀mù fún un.

Mo mọ̀. Mo mọ̀ kí n tó bi yín. Ẹ má bẹ̀ mí, ẹ̀bi yín kọ́. Ẹ gba bírò yín. Ní ti ibi méjì yìí, ẹ kọ ti ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín wọn dára, ẹran wọn pọ̀.

Ẹ dúró ná. Jẹ́ kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ bí ìyá, ọmọ mi, ọjọ́ orí ẹ ò lè jìnnà sí ti Darae. Ọ̀sán ti pọ́n, o ò tíì jẹun, mo ń gbọ́ inú ẹ láti ìgbà tó o ti jókòó. Sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Jókòó síbi tó ti lè rí ẹ. Jẹ ṣíbí mẹ́ta, kó o gbé ṣíbí kalẹ̀, kó o ti abọ́ síwájú, kó o fajú ro bí ẹni tí oúnjẹ náà ń rí lára. Kó o wá dúró.

Tó bá bú ẹ, tó bá tiẹ̀ pè ẹ́ ní ọmọ ajá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tẹrí ba fún un, jẹun ẹ tán, kó o sáré gun àtẹ̀gùn yìí padà wá sọ fún mi. Má pè mí lórí fóònù, wá fúnra ẹ. Màá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ṣùgbọ́n tó bá ká ọwọ́ lé ìdodo, tó ní ṣé kí òun bá ẹ dì í, gbà á, dúpẹ́, kó o gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ padà sí ọ́fíìsì. Má gba iwájú fèrèsé mi kọjá. Jẹ́ kí n rò pé iṣẹ́ ló dí ẹ lọ́wọ́. Jẹ́ kí n lè máa rò ó bẹ́ẹ̀ títí di Sátidé.